NÍGBÀ TÍ Ọ̀JÁ BÁ JÁ

Ẹsẹ ọ̀rọ̀ wa: Ìwé Àwọn Onídàájọ́, orí 16, ẹsẹ 20



Nínú ẹsẹ tí a tọ́ka sí yìí, a rí Sámúsónì bí ó ti jí li ojú oorun, tí ó sì rò nínú ara rẹ̀ pé bí òun ti máa ń ṣe rí, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ li òun yóò ṣe. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì gbé e, apá rẹ̀ ṣì wà li ara rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò yí padà. Ṣùgbọ́n Olúwa ti fi í sílẹ̀, òun kò sì mọ̀. Pé agbára lọ, ó burú. Ṣùgbọ́n pé ó lọ, tí ẹni tí ó ni ín kò sì mọ̀, èyí li ó burú jù.

Ọ̀pọ̀ ìgbà li a ti ka ẹsẹ yìí, tí a sì ti fi í wàásù fún àwọn ẹlòmíràn. Ní ìgbà Lẹ́ńtì tí ó kọjá, li ojú ọ̀nà oko, li a tó mọ ohun tí ó ń wí fún àwa tìkára wa.

Ìyá àgbà kan wà ní ọ̀kan nínú àwọn ìjọ oko tí ó wà li abẹ́ ìtọ́jú wa. Ó ti lé ní 80 ọdún. Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ti lè gbé e dé ilé Ọlọ́run mọ́, oṣooṣù li a ń gbé Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa tọ̀ ọ́ lọ ní ilé. Ní ọjọ́ Àìkú kan, àwọn ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa pé ara ìyá kò dá, ó sì ń bẹ̀ wá pé kí a wá fún òun ní Ara àti Ẹ̀jẹ̀ Olúwa. A fèsì pé li òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí aago mẹ́wàá tó lù, a ó ti dé. Àwa àti alúfáà àgbègbè wa li a jọ wọ ọkọ̀ ìjọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ wa li ó ń wà á.

A kò gbọdọ̀ fi ohun kan pamọ́ fún yín. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà tí ọkọ̀ yìí ti ń ké. Bí a bá ti tan án li òwúrọ̀, a ó gbọ́ igbe tín-ín-rín ní iwájú rẹ̀, bí igbe ọmọ eku. Bí ó bá sì gbóná tán, igbe náà a dákẹ́. Mẹkáníìkì wò ó, ó tan iná tọ́ọ̀ṣì sí i, ó fi hàn wá pé ọ̀já rọ́bà tí ó wà ní iwájú ẹ́ńjìnnì, èyí tí wọ́n ń pè ní fáàn bẹ́líìtì, ti sán káàkiri. Ó ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí a pààrọ̀ rẹ̀. Kò ní pẹ́ já.” Li ọwọ́ wa ni owó ìjọ wà. Iye tí ó béèrè kò tó iye tí a fi ń ra epo ọkọ̀ náà ní ọ̀sẹ̀ kan. A ní kí ó di òpin oṣù. Òpin oṣù dé, a tún rí ohun mìíràn tí ó dàbí ẹni pé ó ṣe kókó jù ú lọ. Igbe ọkọ̀ sì mọ́ wa li etí tó bẹ́ẹ̀ tí a kò gbọ́ ọ mọ́.

Nígbà tí a rìn tó ìdajì ọ̀nà, ohun kan dún pàà li abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà kẹ́kẹ́ pa. Ẹ ṣàkíyèsí èyí: ọkọ̀ náà kò dúró. Ó ń lọ bí ó ti ń lọ tẹ́lẹ̀. Àní ó dákẹ́ jẹ́jẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Iná pupa kékeré kan tí ó ní àwòrán bátìrì yọ ní iwájú awakọ̀. Ó di sítíárì mú, ó ní ó wúwo li ọwọ́ òun. A bi í léèrè bí ó bá yẹ kí a dúró wò ó. Ó ní, “Bàbá, ẹ fi ọkàn balẹ̀, ó ṣì ń lọ.” Nítorí pé a ti pẹ́, àwa náà dá a li ohùn pé, “Bí ó bá ṣì ń lọ, máa wà á lọ.”

Ó lè tó ibùsọ̀ mẹ́rin tí a tún rìn. Nígbà náà li ọwọ́ tí ń sọ bí omi ẹ́ńjìnnì ti gbóná tó bẹ̀rẹ̀ sí gòkè, tí ó sì dé ojú àmì pupa. Òórùn rọ́bà jíjó gba inú ọkọ̀. Ooru funfun bo gíláàsì iwájú. Ẹ́ńjìnnì gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kú sí àárín igbó, níbi tí fóònù ẹnikẹ́ni nínú wa kò ti mú. Awakọ̀ wa ya rọ́bà inú táyà àtijọ́ kan tẹ́ẹ́rẹ́, ó so ó mọ́ àwọn kẹ̀kẹ́ iwájú ẹ́ńjìnnì dípò ọ̀já. Nígbà tí ó gbìyànjú láti tan ọkọ̀, rọ́bà náà fò jáde. Títí di ìgbà tí ọlọ́kadà kan kọjá tí ó gbà láti gbé wa, oòrùn ti yí sí ìwọ̀-oòrùn.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ti lù kí a tó dé ẹnu ọ̀nà ìyá wa. Ọmọbìnrin rẹ̀ li ó jáde pàdé wa. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ kú ọ̀nà o, ẹ̀yin Bàbá. Ìyá ń béèrè yín láti òwúrọ̀. Aago mẹ́ta ni wọ́n dákẹ́.” Kò bá wa wí. Ó bu omi tútù fún wa mu.

A kò ṣiyè méjì pé Olúwa tí ìyá wa sìn ti gbà á sí ọ̀dọ̀. Kò di ìgbà tí ọkọ̀ wa bá dé kí Ó tó lè bẹ àwọn tirẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a fi ránṣẹ́ sí i, pé kí aago mẹ́wàá tó lù a ó ti dé, li ọwọ́ wa li ó ti bàjẹ́. Ohun tí ó sì bà á jẹ́ kì í ṣe ìjàm̀bá, àìbìkítà wa ni.

Ǹjẹ́, ará, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ọ̀já yìí ń ṣe, kí a lè rí ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀.

Ohun kékeré ni. Rọ́bà ni, a fi okùn líle há inú rẹ̀, kò sì fẹ̀ ju àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ púpọ̀. Epo kì í jó nínú rẹ̀. Kò ní agbára kankan tí ó jẹ́ tirẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti di kẹ̀kẹ́ ńlá tí ẹ́ńjìnnì ń yí mú, kí ó sì pín agbára kẹ̀kẹ́ náà fún àwọn kẹ̀kẹ́ kékeré tí ó yí i ká. Bí ọkọ̀ bá dúró sí ojú kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́, kẹ̀kẹ́ ńlá yìí a máa yí ní nǹkan bí ìgbà 700 sí 900 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ọkọ̀ bá wà li eré, ó lè ju ìgbà 2000 lọ. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀, ọ̀já kan ṣoṣo yìí li ó ń yí ẹ̀rọ tí ń pèsè iná mànàmáná, ẹ̀rọ tí ń ti omi kiri inú ẹ́ńjìnnì, ẹ̀rọ tí ń mú kí sítíárì fúyẹ́, àti èyí tí ń fún wa li atẹ́gùn tútù.

Ẹ̀yin ìyá mọ ohun tí ọ̀já jẹ́. Ọ̀já tí a fi di ọmọ mọ́ ẹ̀yìn kò ní wàrà, kò ní ẹsẹ̀ tí ó lè rìn dé oko. Ṣùgbọ́n òun li ó so ọmọ mọ́ ẹni tí ó ní wàrà, tí ó sì ní ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àdúrà ìkọ̀kọ̀, kíka Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run fún ọkàn ara ẹni, àti fífi ìrẹ̀lẹ̀ wá sí Tábìlì Olúwa. Agbára kò sí nínú wọn fún ara wọn; wọ́n so wá mọ́ Ẹni tí Ó ni agbára. Olúwa wa kọ́ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Rẹ̀ pé Òun ni àjàrà, àwọn ni ẹ̀ka, ẹ̀ka tí a bá sì gé kúrò kò lè so èso. Bí a bá gé ẹ̀ka li òwúrọ̀, ewé rẹ̀ a ṣì tutù títí di ọ̀sán.

Ẹ jẹ́ kí a mú àwọn ohun tí ó ń kùnà nígbà tí ọ̀já bá já li ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkíní ni iná. Nígbà tí ọ̀já bá já, ẹ̀rọ tí ń pèsè iná a dákẹ́ li ẹsẹ̀ kan náà, ṣùgbọ́n fìtílà ọkọ̀ kì í kú li ẹsẹ̀ kan náà. Bátìrì ń bẹ níbẹ̀, èyí tí a ti kó iná pamọ́ sínú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí ọ̀já bá wà li ẹnu iṣẹ́, iná tí ń wọlé a máa tó nǹkan bí fóòtì 14. Bátìrì fúnra rẹ̀ kò ju nǹkan bí 12 lọ, láti ìṣẹ́jú yẹn lọ sì ni ó ti ń dín kù, tí kò sí ohun tí ń rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí ó rí fìtílà wa kò lè mọ̀ pé ohun àná li ó ń tàn.

Ará, ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń kọ́ni li ó ń wàásù láti inú bátìrì. A ti gba ẹ̀kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. A ti kó ẹsẹ Bíbélì sí orí. Ìwé ìwàásù ọdún mélòó kan sẹ́yìn ṣì wà nínú àpótí. Nígbà tí a bá dìde nínú pẹ́ẹ̀pù, ọ̀rọ̀ a máa jáde. Àwa tí a ń kọ ìwé yìí sí yín jẹ́wọ́ pé ní ìgbà Lẹ́ńtì náà gan-an, ó ti tó oṣù mélòó kan tí a kò ti kúnlẹ̀ ní yàrá wa li òwúrọ̀ bí kò ṣe fún ìṣẹ́jú díẹ̀, pẹ̀lú ojú oorun. Bí a bá ṣí Bíbélì, ohun tí a ó sọ fún ẹlòmíràn li a ń wá. Ìjọ kò fura. Àwọn kan tilẹ̀ dì mọ́ wa ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ìwàásù náà wọ àwọn li ọkàn. Ìyìn àwọn ènìyàn li ó mú kí a má wo iná pupa.

Èkejì ni sítíárì. Kò kọ̀ láti yí, ṣùgbọ́n ó wúwo. Ohun tí ìka kan lè ṣe li àná di ohun tí apá méjèèjì ń jà sí. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ yẹ ara yín wò li èyí. Nígbà tí ìdàpọ̀ wa pẹ̀lú Ọlọ́run bá já, a kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ li ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ kọ́ tẹ́lẹ̀, pàṣán li a ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ìpàdé ìgbìmọ̀ ìjọ tí a fi wákàtí kan ṣe di ìjà títí di òru. Aya bi ọkọ li ọ̀rọ̀, ọkọ fi ìkanra dáhùn. A ó máa sọ pé iṣẹ́ pọ̀ jù, pé ọmọ ayé ìsinsin yìí kò gbọ́ràn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ọ̀nà li ó le, tàbí ohun tí ń ràn wá lọ́wọ́ láti tọ ọ́ li ó ti dákẹ́?

Ẹ̀kẹta ni omi, òun li ó sì ń pa ọkọ̀. Iná tí ń jó nínú ẹ́ńjìnnì a máa gbóná kọjá ìwọ̀n 2000 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ ni irin a máa yọ́ ní nǹkan bí 1538. Ohun tí kò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì bàjẹ́ ni pé iná náà ń jó fún ìṣẹ́jú àáyá kékeré lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, omi sì ń yí ká a láìsinmi, ó ń gbé ooru lọ sí rédíétọ̀, kí afẹ́fẹ́ lè gbé e kúrò. Nígbà tí ọ̀já wa já, omi wà nínú rédíétọ̀ wa pẹ́ú. Kò jò, kò gbẹ. Ṣùgbọ́n ó dúró sí ojú kan, kò lọ mọ́, kò bọ̀ mọ́. Ẹ́ńjìnnì sì jó pẹ̀lú omi ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ta li ó wà nínú wa tí kò ní Bíbélì ní ilé? Ó wà li orí tábìlì, ó wà nínú fóònù, ó wà nínú àpò tí a gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Omi wà. Ṣé ó ń yí ká? Ẹ rántí pẹ̀lú pé iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ li ó ń mú ooru wá. Bí ó bá ti ń ṣiṣẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ li ó ń gbóná sí i. Nítorí náà ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ Olúwa púpọ̀ li ó yẹ kí ó bẹ̀rù jù. Ọ̀lẹ kì í tètè jó. Onítara tí kò ní ìdákẹ́jẹ́ níwájú Ọlọ́run li ó ń jó. Máàkù sọ fún wa ní orí kìíní ìwé ìhìnrere rẹ̀ pé lẹ́yìn ọjọ́ kan tí gbogbo ìlú péjọ sí ẹnu ọ̀nà fún ìwòsàn, Olúwa wa dìde kí ilẹ̀ tó mọ́, Ó sì lọ sí ibi tí kò sí ènìyàn láti gbàdúrà. Bí Òun tìkára Rẹ̀ kò bá fi ti àná ṣe iṣẹ́ òní, ta li àwa?

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan sí i. Igbe tí ọkọ̀ wa ń ké fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dákẹ́ li ọjọ́ tí ọ̀já já. Ẹ̀rí ọkàn a máa ké nígbà tí a bá kọ́kọ́ fi àdúrà sílẹ̀. Bí a kò bá dá a li ohùn, ọjọ́ ń bọ̀ tí a kò ní gbọ́ ọ mọ́, a ó sì pe ìdákẹ́jẹ́ náà ní àlàáfíà.

Rọ́bà táyà tí awakọ̀ wa so kò dúró. Ọ̀pọ̀ ohun li a ń so dípò ọ̀já: ariwo, ìpàdé lórí ìpàdé, aṣọ ẹgbẹ́, orúkọ oyè nínú ìjọ. Wọ́n rí bí ọ̀já li ojú, ṣùgbọ́n nígbà tí agbára bá fà wọ́n, wọn a fò jáde.

Nígbà tí mẹkáníìkì gbé ọkọ̀ náà dé ìsọ̀ rẹ̀, kò kọ́kọ́ mú ọ̀já tuntun. Ó fi ọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ kékeré kọ̀ọ̀kan wò. Ó sọ fún wa pé ọjọ́ orí àti ooru a máa mú kí ọ̀já sán. Pé epo tí ń kán sí i láti ibì kan a máa bà á jẹ́. Àti pé bí kẹ̀kẹ́ kan bá ti gan, tí kò yí geere mọ́, bí a tilẹ̀ fi ọ̀já mẹ́wàá sí i, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni yóò já. Ìrònúpìwàdà nìyẹn, ará. Kì í ṣe pé kí a tún pinnu pé li ọ̀la a ó jí ní aago márùn-ún láti gbàdúrà. Kí a béèrè pé kí li ó ń kán sí i? Owó wo li ó wà li ọwọ́ wa tí kì í ṣe tiwa? Ta ni a kò tíì dárí jì? Kẹ̀kẹ́ wo nínú ìgbé ayé wa li ó ti gan, tí kò fẹ́ yí sí ìfẹ́ Ọlọ́run?

Ọ̀já mìíràn wà nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, èyí tí ó pamọ́ sí inú, tí ń mú kí àwọn irin inú ẹ́ńjìnnì máa gòkè kí wọ́n sì máa sọ̀kalẹ̀ li àkókò. Bí èyí bá já, ẹ́ńjìnnì a kú li ẹsẹ̀ kan náà, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sì ni irin a kọlu irin, tí gbogbo rẹ̀ a fọ́. Ọlọ́run ṣe àánú fún wa pé ti ọ̀pọ̀ nínú wa kò rí bẹ́ẹ̀. Àyè díẹ̀ ń bẹ láàárín ìgbà tí ọ̀já já àti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì jó. Inú àyè yẹn li a ti ń gba ìpè láti yí padà, kì í sì í gùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀, bí ẹ bá rí iná pupa náà tí sítíárì sì wúwo, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ má sì ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ó gbóná. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìtọ́jú ọkàn ènìyàn, ẹ̀yin pẹ̀lú, ẹ dúró. Ó sàn kí a fi ọjọ́ Àìkú kan jókòó sí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn kí a gbọ́ ọ̀rọ̀, ju kí a máa wà á lọ nítorí pé ó ṣì ń lọ.

Kí a tó parí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ Sámúsónì. Ẹsẹ kejì sí èyí tí a fi bẹ̀rẹ̀ sọ fún wa pé nínú túbú, irun rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí hù. Olúwa kò ta á nù títí láé. Nígbà tí ó ké pè É, Ó gbọ́. Ṣùgbọ́n irun hù, ojú tí wọ́n yọ kò padà. A ti tún ọkọ̀ ìjọ ṣe: gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jó, orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ká, owó tí a san lé ní ìlọ́po ogún owó ọ̀já tí a kọ̀ láti rà. Ọ̀já tuntun wà níbẹ̀ nísinsin yìí, ó ń yí láìké. Àwa náà ti padà sí orí eékún wa li òwúrọ̀, nípa oore-ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n ní oṣooṣù, nígbà tí a bá ń kọjá níwájú ilé kan ní abà náà, a mọ̀ pé ẹnìkan dúró dè wá níbẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di aago mẹ́ta, àti pé a kò wá.

Ẹ̀yin ará, bí igbe kékeré kan bá ń bẹ li etí yín li òní, ẹ má ṣe ní kí ó di òpin oṣù.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà. Olúwa, Ìwọ tí Ó mọ ìgbà tí a ń tàn láti ọ̀dọ̀ Rẹ àti ìgbà tí a ń tàn láti inú ohun àná, ṣí wa li ojú kí a tó jó. So wá mọ́ ara Rẹ. Dárí ji àwa tí a pẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń retí wa, kí o sì fi wá ṣe ìránṣẹ́ tí yóò dé li àkókò. Nítorí Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.